Irúgbìn Tẹ̀tẹ̀ Tí Mo Yan

Mo yan irúgbìn tẹ̀tẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ, mo sì kó o fún aládùúgbò mi lóko pé kó lọ gbìn ín. Mi ò ní purọ́: inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

Ohun tó ṣe mí nìyí. Ìyá mi ló ni oko ẹ̀fọ́ tí mò ń ro lọ́nà Akpro-Missérété. Láti àdúgbò Akron, níbi tí à ń gbé, mo máa ń gun zémì, ọ̀kadà tiwa, débẹ̀ láàárọ̀. Tẹ̀tẹ̀ ìyá mi kì í yára yọ òdòdó. Èèyàn lè rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbó. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, ìyá mi á ṣa àwọn igi tó dára jù sọ́tọ̀, á so àkísà pupa mọ́ wọn. Ìyá ẹ̀fọ́ là ń pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀bẹ kàn wọ́n títí orí wọn á fi gbẹ tí a ó fi gbọn irúgbìn wọn.

Nígbà tí ìyá mi kú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi dé oko. Ìgbà tí mo máa débẹ̀, obìnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ti rẹ́ àwọn ìyá ẹ̀fọ́, ó ti tà wọ́n lọ́jà. Àkísà pupa wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ̀fọ́ ṣáà ni, kì í ṣe wúrà." Obìnrin tí ìyá mi ń fún nírúgbìn lọ́dọọdún!

Igi méjì péré ni kò rí, torí wọ́n wà lẹ́yìn ẹ̀gẹ́. Lára méjì yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Odindi ọdún kan, mi ò tà, mi ò jẹ, títí irúgbìn mi fi kún ìgò.

Ìgbà náà ni obìnrin náà wá, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé kí n fún òun nínú irúgbìn ìyá wa. Ìyá wa kẹ̀! Mo ní, "Kò burú, Tàǹtí, ẹ padà wá lọ́la." Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi irúgbìn ẹ̀fọ́ du aládùúgbò, bí mo bá kọ̀, èmi ni wọ́n máa bú. Ni mo bá gbé ìkòkò ka iná èédú, mo da ẹ̀kún ọwọ́ méjì sí i, mo ń rò ó jẹ́jẹ́. Mo ṣa àwọn tó bẹ́ funfun kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà fura. Nígbà tó gbà á, ó ní, "Ó mọ́ dáadáa. Kí Ọlọ́hun fọ̀run kẹ́ Ìyá." Mo ní àmín.

Ìdùnnú ò jẹ́ kí n ráyè sá tèmi sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Mo dé ìgò náà, mo gbé e sórí àjà. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ yọjú wo ebè rẹ̀. Nǹkan kan ò hù. Ó tún gbìn ín, ó tún bomi rin ín, mo sì ń wò ó lókèèrè bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀san dùn o, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín jẹ.

Nígbà tójò tún dé, mo ṣí ìgò mi. Irúgbìn ti bu, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Mo gbìn ín bẹ́ẹ̀, kò hù. Ìgbà náà ni mo wá rántí ìdí tí ìyá mi fi ń fún obìnrin yẹn nírúgbìn. Kì í ṣe inúure nìkan. Bí tiwa bá bàjẹ́, oko tirẹ̀ la ti máa rí irúgbìn gbà padà.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Tàǹtí, ṣé tẹ̀tẹ̀ tí Ìyá fún yín tẹ́lẹ̀ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín?" Ó wolẹ̀. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ ti tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lòun sì gbin èyí tí mo fún òun tí kò hù. Òun rò pé ìyá mi ló ń bínú, òun sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ lójú oórì. Ó bú sẹ́kún. Mo ní bóyá ilẹ̀ ni.

Irúgbìn inú agolo ni àwa méjèèjì ń rà báyìí. Ó ń hù, àmọ́ tá a bá ti rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti yọ òdòdó nìyẹn. Àwọn oníbàárà ń béèrè ti tẹ́lẹ̀, mo ń sọ fún wọn pé kò sí mọ́. Mi ò tíì dárí jì í. Bí mo bá tún rí ẹ̀kún ọwọ́ méjì irúgbìn Ìyá lónìí, mà á tún yan tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mà á kọ́kọ́ fún obìnrin mìíràn ní tútù, láìyan, kó lè bá mi pa á mọ́.