Àwòrán Tí Ọ̀gá Mi Fẹ́ Rí

Mo rántí ìgbà tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ abuké, tí àwa díẹ̀ ní Salford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá bí a ó ṣe sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Lórí gíláàsì tiwa, tiransísítọ̀ tíntìntín ló ń ṣí, tó ń tì bí ilẹ̀kùn fún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń para pọ̀ di àwòrán. Iṣẹ́ tèmi ni sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà iná tó ń pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tiransísítọ̀ inú sákíìtì náà máa ń rẹ̀ bí iná bá pẹ́ lára wọn, àwòrán á sì ṣá. Àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ wa ní bí a kò bá tún un ṣe kí àwọn tó fẹ́ rà á tó dé, àwọn yóò ti yàrá ìwádìí wa pa.

Ọ̀gá mi, òyìnbó olórí funfun kan tó ń gbé àdúgbò Openshaw, ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí àwọn mìíràn ò tilẹ̀ lè pe orúkọ mi. Síbẹ̀, ìwà rẹ̀ kan ń bí mi nínú: bí mo bá ti gbé iṣẹ́ síwájú rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì bí ẹni ń wá àléébù. Èmi ọlọ́gbọ́n wá sọ fún ọkọ mi pé, "Ọkùnrin yìí ò fọkàn tán mi. Torí mo jẹ́ adúláwọ̀ ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan wá dúró níwájú wa gan-an. Ọ̀gá mi rọra béèrè pé, "Nọ́ńbà wo nìyẹn?" Nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó orí mi. Mo kà á fún un.

"Dókítà ní ojú mi méjèèjì ló ń lọ," ló wí. "Jọ̀ọ́, má sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Mo kàn fẹ́ rí àwòrán wa kó tó lọ tán."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ́ ọ, ó sì bi mí pé, "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ tètè parí ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Èmi á máa lọ mú àwọn ọmọ ní school."

Títí di ìgbà náà, agbára ni mo ń fi kún ohun tó ti rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ìsinmi ló ń fẹ́. Mo fi èkejì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tiransísítọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á sinmi, wọn á sì máa gbà á fún ara wọn. A ṣe gíláàsì tuntun, a tàn án láàárọ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò ṣá.

Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló mú àwòrán tí a gbé sí i wá: ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, níwájú ilé wọn. Ó sún mọ́ ọn bí ìṣe rẹ̀.

"Mo rí ìmọ́lẹ̀, mo rí aṣọ pupa. Bá mi sọ ìyókù."

Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan bo oòrùn lójú, afẹ́fẹ́ ń gbé etí aṣọ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló ń wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Àwọn oníbàárà ra iṣẹ́ náà, wọ́n kó o lọ sí ìlú wọn. Yàrá wa padà tì náà. Mo ríṣẹ́ síbòmíràn, ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì lọ tán. Ṣùgbọ́n mi ò yé lọ kí i. Nígbà tí irú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìtajà, ó ní kí n mú òun lọ. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan, ó fi ìka wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò.

Ó ti di olóògbé báyìí. Àwọn ènìyàn ń fi ìka tẹ irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lójú fóònù wọn lójoojúmọ́ láì ronú kàn án, n kì í sì í bá wọn wí. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ti tó mi lérè.