Òfin Mẹ́wàá Lára Ògiri Kíláàsì

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n Díkìn àti Àlàájì ṣì dúdú ni wọ́n ti jọ ń kọ pátákó. Díkìn á fi búrọ́ṣì tín-ín-rín fa etí lẹ́tà, á sún síwájú. Àlàájì á máa kun inú rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Àlàájì tí kò dé Mẹ́kà rí. Díkìn ló fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì mọ́ ọn lára. Ṣọ́ọ̀bù kan. Agolo búrọ́ṣì kan.

Ìjọba wá gbà kí wọ́n kọ Òfin Mẹ́wàá sára ògiri iléèwé gbogbogbòò. Díkìn wà lára àwọn tó jà fún un. Kì í ṣe ariwo lásán. Nígbà tí ọtí dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ẹsẹ Bíbélì kan wà lára ògiri níwájú rẹ̀. Ó kà á títí. Ògiri yẹn ló wàásù fún un, kì í ṣe pásítọ̀ kankan. Ta ló mọ ọmọ tí èyí náà máa gbà là?

"Àlàájì, iṣẹ́ dé! Kíláàsì ọmọ rẹ gan-an."

Àlàájì ń fọ búrọ́ṣì. Kò gbójú sókè. "Mo gbọ́."

"O ò sì bá mi yọ̀? Ìwọ tó o kun ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

"Mo kun ilé ọtí náà, Ọlọ́run dárí jì mí."

"Èmi ni mo sì mu ọtí ibẹ̀ tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tètè kú.

"Ẹni tó bá wù ló ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Díkìn. Ọmọ mi ò lè ní òun ò wọ kíláàsì. Ká ní ẹsẹ Kùránì tèmi ni wọ́n ní ká kọ síbẹ̀ ńkọ́? Wàá fa etí ẹ̀?"

Díkìn ní, "Kéèyàn má jalè, kéèyàn má pànìyàn. Èwo ló burú níbẹ̀?"

"Kò sí. Ilé mi ni mo ti kọ́ ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, Díkìn dá lọ sí kíláàsì náà. Ó fa etí lẹ́tà látòkè délẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun tí ojú lè kà. Lẹ́tà ṣófo. Ó mú búrọ́ṣì ńlá, ó rì í bọ ọ̀dà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀dà ṣàn. Ó gba inú òfin kìíní kọjá sórí ìkejì. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn ló kọ sí Àlàájì. Kò rí i rí bó ṣe máa ń nu búrọ́ṣì sétí agolo.

Àlàájì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú àpò ọ̀rá dání.

"Búrọ́ṣì mi ni mo wá kó." Ó wo ògiri. "Háà. Ṣé o fẹ́ fi ọ̀dà wẹ̀ ni?"

Ó mú àkísà. Ó nu ọ̀dà tó ṣàn náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí ibẹ̀ fi mọ́. Kò fọwọ́ kan inú lẹ́tà.

"Mi ò kùn ún o."

"Mo rí i."

"Iléèwé mìíràn lọmọ mi ń lọ láti ọjọ́ Ajé. Ó jìnnà díẹ̀."

"Àlàájì, jọ̀ọ́..."

Àlàájì ti ń ṣa búrọ́ṣì ńláńlá sínú ọ̀rá. Ó rora fa ilẹ̀kùn dé, bí ìgbà tí wọ́n bá jọ ń parí iṣẹ́.

Tín-ín-rín nìkan ló kù nínú agolo. Díkìn mú ọ̀kan, ó nù ún sétí agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun lẹ́tà àkọ́kọ́, ìlà tẹ̀ lé ìlà. Ojú ń ta á. Kò dáwọ́ dúró.