Àlùwàlá Kan Láti Àílà Dé Ìṣáì

Bàbá mi, Abdulsalam, ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa ní Òkèrèwè. Aṣọ ló ń rán jẹun, ṣùgbọ́n ìrun ló fi ń yangàn. Àlùwàlá kan ṣoṣo, ó ní, lòun fi ń kírun láti àílà títí dé ìṣáì. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ṣe é: kò kúkú ń mu omi! Ẹni tí kò mumi kò ní í tọ̀, àlùwàlá rẹ̀ ò sì ní í bàjẹ́. Ọgbọ́n àgbọ́njù gbáà. Màmá mi, Mùnírátù, á gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì rẹ̀, omi á sì gbóná síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ó ń pe ìrun lọ́wọ́ ni òyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú bí omi àgbo. Dókítà Fúnlọ́lá fa omi sí i lára, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní ó di ọjọ́ kejì kí àwọn tó mọ̀ bóyá kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Àrùn kíndìnrín ló pa àbúrò màmá mi ní Ìwó.

Dókítà bi í pé, “Bàbá, ẹ ti rí ẹni tó ń sẹ́ ògì láìbu omi sí i rí?”

“Rárá o.”

“Kíndìnrín yín ni asẹ́. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń sẹ́ dànù. Kí lẹ ní kó fi sẹ́ ẹ?”

Bàbá fojú sílẹ̀. “Nítorí ìrun ni, dókítà.”

“Bí àlùwàlá bá bàjẹ́, ẹ tún un ṣe, sà. Kíndìnrín ni ò ṣe é tún ṣe bẹ́ẹ̀.”

Olóríkunkun ni bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà mú ìwé àyẹ̀wò dé.

“Kò bàjẹ́. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.”

“Alihamudulilahi!” Bàbá na ọwọ́ sí omi ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, ó mu ún gbẹ, ó ní kí n fún òun ní òmíràn. Mo bú sẹ́kún ayọ̀, ojú ò tì mí.

Mo na ọ̀rá omi kan sí màmá mi náà níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó fi eyín já a, ó fà á mu láìdánudúró. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé láti àná tí bàbá ti ṣubú, nǹkan kan ò tíì kan ẹnu màmá.