Ta Ló Ni Ojú Kìnnìún Yìí?

Òórùn méjì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà: òórùn orí àgbò tí wọ́n ń wì lẹ́yìnkùlé, àti òórùn ọ̀dà búlúù tí bàbá mi fi kun ọkọ̀ mi nírọ̀lẹ́ àná. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ní Ayétòrò, lọ́dún tí ìjọba ológun ti bodè pa. Ẹran wà níkòkò, mo sì ń yọ̀ bí òmùgọ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń kun mọ́tò, tí òórùn yẹn bá gún mi nímú, inú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi kí n tó rántí ìdí ẹ̀. Ìyàwó mi á ní, "Kí ló tún dé?" Mo máa ń purọ́ fún un pé ikọ́ ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Yewa yìí, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, ẹ ó rántí ọkọ̀ onípákó wa. Pákó méjì, okùn tá a fi ń darí ẹ̀, bẹ́árìn mẹ́rin tó dúró fún táyà, tá a tọrọ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ó parí. Níbòmíràn, wọ́n á gùn ún bẹ́ẹ̀ lásán. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tí kò bá lójú kò gbọdọ̀ dé òkè míṣọ̀n tá a ti ń sáré. Ojú mọ́tò gidi ni, ojú mọ́tò tí ẹnì kan ní láàárín ìlú, tí a fi páànù lù, tí a kùn ní àwọ̀ rẹ̀ gan-an. Ìwọ á lọ tọrọ ojú náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bó o bá sáré dé ìsàlẹ̀, níwájú ọjà, bàbá arúgbó kan tó máa ń di àsíá mú á kígbe pé, "Ta ló ni ojú yìí?" Olúwa ẹ̀ á jáde, á gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, "Ojú mi rè é!" Gbogbo ọjà á hó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde, ojú òrukàn nìyẹn. A ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, o ò sì ní gun ọkọ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ wò ó, àgbàlagbà ń bá ara wọn jà lórí nǹkan yìí. Àwọn ará Ìjàpá, ìyẹn mọ́tò rógódó tí Ọ̀gá Tíṣà ní, kì í bá àwọn ará Oníkìnnìún, mọ́tò tí kìnnìún wà níwájú ẹ̀, jẹun lọ́sẹ̀ Iléyá. Wọ́n á ní Ìjàpá ló lágbára, wọ́n á ní Kìnnìún ló mọ ọ̀nà oko. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣí ojú yẹn kúrò báyìí, pákó kan náà lẹ máa bá nísàlẹ̀, bẹ́árìn kan náà, láti ọwọ́ mẹkáníìkì kan náà. Páànù là ń tìtorí ẹ̀ bínú síra wa.

Bàbá mi ló máa ń lu ara mọ́tò tó bá forí sọ igi. Panẹ́bítà ni. Kẹ̀kẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń gùn, àmọ́ kò sí ojú mọ́tò tí kò lè lù jáde lára páànù. Ó máa ń sọ pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ inú ló ń sáré." Òòlù rẹ̀ tó ìdílé kan, ńlá, kékeré, onírọ́bà, gbogbo wọn ló rà ní Kútọnu nígbà tí ọ̀nà ṣì là. Bí o bá fi ọ̀kan pa èkùrọ́, ọjọ́ náà lo máa mọ̀ pé bàbá ẹ lágbára.

Lọ́dún yẹn, Bọ̀dá Lámídì, àbúrò bàbá mi, wá sílé wa. Fàyàwọ́ ni Bọ̀dá Lámídì ń ṣe. Ìrẹsì ló ń gbé láti òdìkejì bodè, ó ń gba ọ̀nà igbó Ẹ̀gùá wọlé. Oníkìnnìún ni mọ́tò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i lóde, mọ́tò akọ̀wé ìjọba ni. Nínú, kò sí àga kankan àfi tirẹ̀, ó sì ti fi sípíríǹgì kún sípíríǹgì kí ìdí ẹ̀ má baà wọlẹ̀ bí ẹrù bá kún. Ọgbọ́n ńlá. Ṣùgbọ́n òkìkí ń pa á. Ó kun mọ́tò náà ní búlúù, ó fa ìlà funfun kan gba àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá títí dé ìdí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Olè wo ló ń so agogo mọ́rùn? Àwọn aṣọ́bodè ti lé ìlà funfun yẹn títí, wọn ò bá a. Ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, bí ọmọ ṣe ń mọ ìdí ìyá ẹ̀ lọ́jà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí fún bàbá mi, "ojú tèmi ni kẹ́ ẹ lù fún Múfú lọ́dún yìí."

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. "Ojú tí wọ́n ń wá kiri lẹ fẹ́ gbé bọ ọmọ mi lórí?"

"Ìyàwó wa, ta ní í mú ọmọdé nítorí páànù? Èmi Lámídì ni màá gbọ́wọ́ lé e níwájú ọjà. Mo ti sọ ọ́."

Bàbá mi sì lù ú. Ó lù ú débi pé bí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣe tẹ̀, ìlà funfun, gbogbo ẹ̀ pé. Lára agolo mílíìkì ló ti gé kìnnìún náà, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó gbé ìrù sókè. Mo sùn tì í.

Lókè míṣọ̀n, Bísí ọmọ Ọ̀gá Tíṣà ti jókòó sínú Ìjàpá tirẹ̀. Ó wo ọkọ̀ mi látòkè délẹ̀. "Múfú, kìnnìún ẹ ti jẹun ṣá? Ó jọ ológbò tébi ń pa."

"Ìjàpá kì í sáré. Lọ bi àlọ́."

"Òun náà ló máa ń borí nínú àlọ́. Di okùn ẹ mú, kó o má tọ̀ sára."

Kẹ́ ẹ má baà rò pé akọni ni mí: ojú mi wà ní dídì láti òkè délẹ̀. Gìgísẹ̀ la fi ń ṣe bíréèkì, àmọ́ ẹ̀rù tó bà mí kò jẹ́ kí n rántí pé mo ní ẹsẹ̀. Bẹ́árìn ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì. Ẹ̀rù yẹn náà ló jẹ́ kí n gba iwájú Ìjàpá kọjá. Nígbà tí mo la ojú, mo ti wà níwájú ọjà, mo ti gba ipò kìíní, bàtà aláwọ̀ dúdú mẹ́fà sì wà níwájú mi.

Aṣọ́bodè mẹ́ta. Jíìpù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláta.

Bàbá arúgbó tó di àsíá mú kò ríran dáadáa. Ó kígbe bó ṣe máa ń kígbe: "Ta ló ni ojú yìí?"

Ọ̀gá àárín wọn wo búlúù, ó wo ìlà funfun, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó káwọ́ gbera. "Ẹ dá bàbá lóhùn. Àwa náà fẹ́ mọ̀ ọ́n."

 Ọjà tó kún fọ́fọ́, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo rí Bọ̀dá Lámídì. Ó wà lẹ́yìn àwọn oníṣu, ó fi ìrèké sẹ́nu, kò sì jẹ ẹ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó rọra yí orí padà. Àwọn ọmọ yòókù ti ń sún mọ́ ọkọ̀ mi láti tẹ̀ ẹ́ fọ́, òfin ni òfin. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu ò ṣí. Ohun mìíràn ló ṣí. Bísí ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ni mo rí ọwọ́ kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà búlúù ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Ojú mi rè é," bàbá mi wí.

"Ìwọ? Mọ́tò ẹ dà?"

"Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi sí ẹ̀rín yẹn.

"Èmi ni mo lù ú. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa lọ."

Wọ́n gbé e. Wọ́n gba ilé wa lọ, wọ́n kó òòlù rẹ̀ látorí ńlá dórí onírọ́bà, wọ́n ní irin iṣẹ́ fàyàwọ́ ni. Wọ́n ju ọkọ̀ mi lé àwọn òòlù náà lórí. Àgbàdo ti yọ irùngbọ̀n kí bàbá mi tó padà wálé, ó rù, kò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwọn òòlù kò padà. Kútọnu tó ti rà wọ́n, wọ́n ti ti bodè rẹ̀ pa. Ó gbé ọkọ́, ó lọ máa gbin ẹ̀gẹ́, ọwọ́ tó ń ṣẹ̀dá ojú wá ń wú ilẹ̀.

Bọ̀dá Lámídì ńkọ́? Ó gbé mọ́tò lọ sí Ìlaròó, ó kùn ún ní funfun. Mọ́tò kan náà, sípíríǹgì kan náà, ìrẹsì kan náà. Àwọn aṣọ́bodè wọ̀nyẹn ń gbé okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà sókè fún un, wọ́n ń pè é ní Alààjì. Ó wá gbé àpò ìrẹsì kan sẹ́nu ọ̀nà wa, kò dúró kí ẹnikẹ́ni kí i. Ìrẹsì, lákòókò yẹn! Àwa ọmọ yí i ká bí adìẹ. Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín mọ ojú rẹ̀." Òjò pa á títí tó fi bu. Ebi pa wá, a sì ń gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe ń jẹrà.

Àwọn méjèèjì ti kú báyìí. Nígbà tí wọ́n tún ti bodè lẹ́ẹ̀kejì, tí irùngbọ̀n èmi náà ti funfun, àwọn aṣọ́bodè dá mi dúró lọ́nà Ìlobì. Ẹ ò bá rí mọ́tò mi: bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa, ilẹ̀kùn funfun, iná iwájú ti mọ́tò mìíràn. Èmi ni mo lù ú. Iṣẹ́ bàbá mi ni mo ń ṣe. Ààbọ̀ àpò ìrẹsì wà lẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀pá.

"Bàbá, ta ló ni jákujàku yìí?"

Ẹ̀rù kì í darúgbó. Bísí ì bá wà níbẹ̀, ì bá bi mí bóyá ṣòkòtò mi gbẹ. Àmọ́ mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, irin gbígbóná, mo sì wo ọmọkùnrin náà lójú.

"Ojú mi rè é," mo wí.

Kò yé e. Ó gba ìrẹsì mi náà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣí.