Àǹtí Sìkírá Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ara Àǹtí Sìkírá ti yá báyìí, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi bí mo bá rántí ìgbà tí wọ́n fi àìsàn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí ọ̀gá wa sì ní obìnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa lẹ́bàá èbúté Dúálà ní Kamẹrúùnù, níbi tí a ti ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde. A ní àdírẹ́sì ímeèlì kan tó jẹ́ ti gbogbo wa: ẹni tó bá kọ̀wé sí i, ẹ̀rọ á pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ímeèlì kọ̀ọ̀kan ló sì ní orí tirẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó ń sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, àti ibi tí èsì yẹ kó lọ. Ìlà ibi tí èsì ń lọ yìí ni ọ̀gá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Dúálà, ní kí n yí padà, kí gbogbo èsì máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹnìkan á fèsì ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́jọ́ kan, á sì balẹ̀ sójú ayé."

"Fais seulement!" ló fi èdè Faransé dá mi lóhùn, pé kí n ṣáà ṣe é.

Mo ṣe é. Ìpín tèmi nínú ẹ̀bi náà nìyẹn, mi ò sẹ́.

Kò pẹ́, Bísí tó ń bójú tó ìsinmi òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí gbogbo wa pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìsinmi sọ fún òun. Àǹtí Sìkírá, tó ti lé lógún ọdún nídìí ìwé ẹrù, tẹ ibi ìfèsì. Ó ṣàlàyé fún Bísí pé wọ́n rí kókó kan nínú ọmú òun, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òun. Gbogbo ọ́fíìsì ló kà á. Èsì kọ̀ọ̀kan máa ń gbé nọ́ńbà ímeèlì tó ń dáhùn dání, òun ni ẹ̀rọ fi ń so wọ́n tẹ̀ léra. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmú obìnrin ṣe rọ̀ mọ́ abẹ́ ìkéde ìsinmi, tí àwọn aláìnítìjú méjì tún so àwàdà tiwọn mọ́ ọn.

Àǹtí ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ìpàdé, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn àgbàlagbà wa ò mọ kọ̀ǹpútà lò, quoi."

Ara mi gbóná. Mo ti tẹ orí ímeèlì Bísí sórí bébà méjì: bó ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti bó ṣe jáde nínú ẹ̀rọ wa. Mo gbé méjèèjì síwájú ọ̀gá.

"Ẹ wo ìlà yìí, sà. Àdírẹ́sì Bísí ló wà níbẹ̀. Àwa la yọ ọ́, tí a fi ti gbogbo wa rọ́pò. Àǹtí ò ṣàṣìṣe kankan. Àwa la tú u síhòòhò."

Ọ̀gá wo bébà náà títí. "Màá pè é lórí fóònù, màá bẹ̀ ẹ́."

"Rárá, sà. Gbangba la ti dójú tì í. Gbangba ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní kí n pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí n sì dá ìlà yẹn padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ̀bẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àǹtí Sìkírá fèsì. Ọ̀gá kà á lórí fóònù rẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú, ó sì rọra jáde síta. Mi ò mọ ohun tí Àǹtí kọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan ni èsì náà dé.