Odídẹ Tí Kò Ní Ìkó

Òjò jò wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún káfíńtà pé páànù ibẹ̀ ti lu, ó sì pẹ́ tí òun náà ti ń sọ fún mi pé òun ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn kan jáde bá mi nímú: òórùn àpò lẹ́tà tó rin gbingbin, tí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ń yọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi sọ pé ilé ń rùn. Èmi jókòó sílẹ̀, mo ń fà á símú bí ọbẹ̀ ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan ṣoṣo ránṣẹ́ dé òkè òkun kò lè mọ òórùn yẹn. Bí ìgbà èwe mi ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, ṣe ń rùn nìyẹn.

Ilé alájùmọ̀gbé ni ilé wa, yàrá mẹ́wàá tó dojú kọ ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn ayálégbé gbà, àfi Tíṣà tó gba méjì. Nítorí yàrá kejì yìí, tó ń pè ní pálọ̀, Tíṣà máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Rémọ́ǹdì ló sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìyá Tíṣà, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ti sin ọmọ méjì lójú rẹ̀ ṣáájú èyí, sọ ọ́ ní Dúrósinmí.

“Kò sí Dúró nínú ilé yìí o,” ni Tíṣà máa ń wí. “Orúkọ àwọn tí kò lajú nìyẹn.”

Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, gbogbo ilé á máa pe ọmọ náà ní Dúró.

Dúró fi ọdún méjì jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ga jù ú. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é, èyí tí ń jẹ eegun: lónìí á nà sílẹ̀ gbalaja, lọ́la á dìde jókòó, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Funfun ojú rẹ̀ kì í funfun. Àwọ̀ ìyeyè ló ní. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù, òjò kò sì gbọdọ̀ pa á. Nítorí náà, ó ń kó sítáǹpù jọ, èmi sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń lọ tọrọ àpò lẹ́tà òfìfo lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé nítòsí Costain, àti lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní Ìdó, tí ará ilé wọn máa ń kọ̀wé sí wọn. Akọ̀wé kan wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ kí o wá ka lẹ́tà ọ̀gá mi?”

A ó gé igun àpò náà, a ó kó o sínú abọ́ omi, a ó sì dúró títí sítáǹpù á fi bọ́ fúnra rẹ̀, tí òórùn yẹn á máa gbé sókè.

Ẹranko àti ẹyẹ ló wà lára sítáǹpù ìgbà náà: ọmọ kìnnìún, erin, ẹ̀gà, ẹkùn, odídẹ, erinmi, títí dé ẹfọ̀n, tó jẹ́ odindi pọ́n-ùn kan, tí ọwọ́ wa kò tẹ̀ rí. Náírà kò tí ì dé. Ọdún tí pọ́n-ùn àti ṣílè ń kógbá sílé là ń wí. Lójú tèmi, ẹkùn kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Dúró á mú awò ojú ìyá àgbà rẹ̀, tí apá kan ti já, á gbé e sórí bébà.

“Wo orúkọ ẹni tó yà á, lábẹ́ níbí. Ó gùn. Wo tibí. Ó kúrú. Ẹkùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.”

“Ẹkùn kan náà ni.”

“Ọpọlọ ẹ náà kúrú.”

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan láti Ìdó gbé odídẹ kan wá sínú abọ́ wa. Àwọ̀ eérú ara rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n níbi tí ìkó yẹ kó wà, ìkó pupa tí gbogbo ayé fi ń dá odídẹ mọ̀, funfun báláú ni. Dúró ṣàlàyé fún mi pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pé nígbà tó kan pupa, bébà yìí ti bọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. “Àṣìṣe yìí gan-an ni iyì ẹ̀.”

Ọkùnrin kan wà ní Yábàá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn olùkó-sítáǹpù-jọ. Èèyàn méje ni ẹgbẹ́ náà, mẹ́fà sì jẹ́ igbákejì alága. Dúró kọ̀wé sí i. Ó fèsì pé òun á wá wò ó ní Sátidé. Bó bá jẹ́ òótọ́, àárín gbọ̀ngàn ni òun á gbé e sí níbi ìpàtẹ wọn, òun á sì fi ẹ̀rọ tẹ orúkọ ẹni tó ni ín sábẹ́ rẹ̀. Dúró ka lẹ́tà náà títí ó fi fẹ́ ya.

“Orúkọ mi, ní títẹ̀,” ló ń wí. “Bí mo bá tiẹ̀ kú, wọ́n á ṣì máa kà á.”

Mo ní kó panu mọ́.

Ìyá àgbà mú sítáǹpù náà wò, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. “Odídẹ wo ni kò ní ìkó? Ẹyẹ tí wọ́n ti gba ìkó lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù tí wọn ò níí gbà? Ẹ gbé e jáde nínú ilé tí ọmọ mi ti ń ṣàìsàn!”

Dúró rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, àìsàn náà dìde sí Dúró. Kò sunkún; ó ń ké wínníwínní bí ilẹ̀kùn tí òróró ti gbẹ lára rẹ̀. Tíṣà gbé e, ó sáré jáde sí títì láìwọ bàtà, láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń pariwo kí gbogbo Àgùdà gbọ́: “Dúró! Dúró o! Jọ̀ọ́, Dúró!” Kò sẹ́ni tó gbọ́ Rémọ́ǹdì lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí wọ́n ṣì wà ní ọsíbítù, mo wọ pálọ̀ Tíṣà. Ìgò yíǹkì pupa tó fi ń máàkì ìwé wà lórí tábìlì. N kò ní purọ́ fún yín pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Mo mọ̀ pé àṣìṣe náà ni iyì rẹ̀. Mo rò ó wò: orúkọ títẹ̀, tàbí Dúró fúnra rẹ̀. Mo ti igi ìṣáná bọ yíǹkì, mo sì kun ìkó fún odídẹ náà.

Alága dé ní Sátidé, nínú kóòtù, nínú oòrùn, ó gbé awò tó fi ń wo sítáǹpù sínú àpò àrán. Ó wo sítáǹpù náà títí. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan itọ́, ó fi ra ìrù ẹyẹ náà. Ìka rẹ̀ pọ́n.

“Ayédèrú,” ló wí. “Ẹni tó lè fi yíǹkì kùn ún lè ti fi oògùn fọ pupa tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. Ọmọ tó kọ̀wé sí mi yìí, oníjìbìtì ni.” Ó kọ orúkọ Dúró sínú ìwé rẹ̀. Orúkọ náà kúkú wọ ìwé.

Mo dúró níbẹ̀. Ẹnu mi wà lójú mi. N kò là á.

Nígbà tí Dúró ti ọsíbítù dé, ó ti fúyẹ́ débi pé ìyá àgbà lè dá gbé e. Ó gbọ́ ohun tí Alága wí. Ó gbé sítáǹpù náà sí imú.

“Yíǹkì bàbá mi nìyí.”

“Ìyá àgbà ló sọ pé...”

“Mo mọ̀.” Ó fi èékánná tẹ̀lé etí ìkó náà. “Ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí, o ò tiẹ̀ kùn ún dáadáa. O ti jáde lára ìlà.”

Mo bi í bóyá kí n kọ̀wé sí Alága, kí n jẹ́wọ́. “Kọ ọ́,” ló wí. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí pé, “O ti kọ ọ́?” Lójoojúmọ́ ni mò ń dáhùn pé ó ku díẹ̀. Ẹ̀rù Tíṣà ló ń bà mí, nítorí yíǹkì rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Dúró fi sítáǹpù náà lé mi lọ́wọ́, kò sì bi mí mọ́. Kò rí ọjọ́ tí náírà dé. Rémọ́ǹdì ni Tíṣà ní kí wọ́n kọ sára òkúta ibojì rẹ̀.

Àpò lẹ́tà tó rin nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, inú rẹ̀ ni mo fi sítáǹpù náà sí láti ìgbà náà, pẹ̀lú lẹ́tà kan tí kò ju ìlà kan lọ: *Ọ̀gbẹ́ni Alága, èmi ni mo*. Ibẹ̀ ni mo dé. Omi ti kó yíǹkì náà sára lẹ́tà, ó ti di àbàwọ́n tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Odídẹ ti padà sí bó ṣe wà nígbà tó wọ inú abọ́ wa.

“Bàbá,” ọmọ ọmọ mi obìnrin béèrè, “ìrù ẹyẹ yìí dà?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Alága ti lọ, Tíṣà ti lọ, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gba ipò ilé wa ní Àgùdà, káfíńtà nìkan ló ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kó tẹ orúkọ kan fún mi tí a ó lẹ̀ sábẹ́ ẹyẹ náà. Ó tẹ̀ ẹ́: Dúrósinmí. Kíá ni ẹ̀rọ náà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ó ní àṣìṣe ni.

“Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe,” ọmọ náà wí, ó ti na ìka.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.