Títì-Pin Mẹ́ta

Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe, iṣẹ́ náà ló sì ń lé e kiri. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù kò lè dúró láàárín ìgboro. Ibi tí ilẹ̀ gbé fẹ̀, tí yanrìn wà nítòsí, tí eruku ò ní bí ará ilé kankan nínú, ibẹ̀ ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ jókòó síbi tí ọ̀dà títì pin sí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Àwọn agbérò a máa pariwo, "Títì-Pin! Títì-Pin!" torí ọkọ̀ ò lè kọjá ibẹ̀. Igbó ló kù níwájú.

Ẹ wá wo bí ìlú ṣe ń ràn. Ẹnìkan á ra búlọ́ọ̀kù, á kọ́lé, á ní kí àbúrò òun wá máa gbé yàrá kan. Àbúrò á ríṣẹ́, á ránṣẹ́ pe ìyàwó. Ìyàwó ń fẹ́ omi, wọ́n á gbẹ́ kànga. Ẹni tó wá pọnmi á gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì wọ́n, òun náà á rà á. Ká tó ṣẹ́jú, ilé-ìwé ti dé, ìjọba ti na ọ̀dà síwájú, onílẹ̀ sì ti ń fọwọ́ ra orí lọ́dọ̀ àbúrò mi: "Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ má bínú o, ẹnìkan fẹ́ kọ́ ilé alájà síbí." Búlọ́ọ̀kù ọwọ́ ẹ̀ náà ni wọ́n fi kọ́ ilé tó lé e lọ.

Ó kó lọ síwájú, síbi tí ọ̀dà tuntun pin sí. Wọ́n tún sọ ibẹ̀ ní Títì-Pin. Ti àkọ́kọ́ ò sì torí ẹ̀ pa orúkọ dà. Nínú àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa lábẹ́ òṣùpá, ọ̀nà kan wà tó ń gùn sí i bí èèyàn ṣe ń rìn ín. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Aránṣọ ni ìyàwó wa, òun ni kíkó kiri yìí ń dùn jù. Bí wọ́n bá ti kó báyìí, oníbàárà á tú ká. Ta ló máa wọ ọkọ̀ méjì torí kí wọ́n lè bá a ṣẹ́ etí aṣọ? Ìgbà tí onílẹ̀ kejì náà wá sọ tiẹ̀, àwọn méjèèjì gbéra, ó di ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ìyá mi, ẹ má bẹ̀ mí," ìyàwó dá a lóhùn. "Ṣé ọkọ ni mo fẹ́ ni àbí ìgbín? Ìgbín gan-an ń sinmi!"

"Ìgbín kì í mọ búlọ́ọ̀kù."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i lójú ìyàwó pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á lọ, ṣùgbọ́n èyí ni àlọkẹ́yìn.

Àbúrò mi ṣáájú lọ pàgọ́ sí Títì-Pin kẹta. Ìyàwó dúró lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tó máa tẹ̀lé e, ó gba ọkọ̀ akẹ́rù, ó kó máṣíìnì, bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò sí i, ó ní, "Títì-Pin ni o." Kò sọ èwo. Awakọ̀ náà, ọmọ ìgboro, kò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Oorun sì gbé ìyàwó wa lọ.

Ìgbà tó máa lajú, àwọn ṣọ́ọ̀bù ló tò lọ bẹẹrẹ níwájú ẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé kọ́kọ́ gbé ni. Ẹrù ti wà nílẹ̀.

"Awakọ̀, níbo ni títì gbé pin níbí?"

"Ìyá, Títì-Pin lẹ wí, Títì-Pin rèé. Ẹ bi títì."

Ó lọ. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun sunkún. Obìnrin kan wá yọjú láti ṣọ́ọ̀bù: "Háà! Ṣé aránṣọ wa kọ́ nìyí? Ẹ padà dé!" Oníbàárà àtijọ́ ni. Ó ní yàrá tóóró kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun, kó wá máa gbé e. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan ti gbé ṣòkòtò tó ya wá.

Nígbà tí àbúrò mi wá a títí tó rí i, ó mú mi dání lọ. Ìyàwó ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì, kò dìde.

"Ìyá ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ."

"Síbo?"

"Títì-Pin."

"Ibẹ̀ ni mo wà yìí."

"Ti tẹ́lẹ̀ nìyí."

"Ti tẹ́lẹ̀ ló mọ̀ mí. Baba ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ò lè sáré níwájú ọ̀dà mọ́. Ẹ lọ mọ búlọ́ọ̀kù yín níbi tó bá wù yín, kẹ́ ẹ máa wá sùn síbí."

Àbúrò mi bojú wò mí, ó ń retí kí n gbè é lẹ́yìn. Mo bá ìyàwó ká aṣọ tó ti rán tán. Àbúrò mi fìdí lé bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà.

Láàárọ̀ báyìí, tí gbogbo ayé ń rọ́ wọ ìgboro, òun ń jáde níbẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni á wọ̀ kó tó dé Títì-Pin kẹta. Nírọ̀lẹ́, á wọlé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lójú, á jẹun dé ìdajì, oorun á gbé e lórí àga. Nígbà tó yà kí mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ní àwọn awọnlẹ̀ ti ń kan èèkàn káàkiri Títì-Pin kẹta.

Mo ní, "Ṣé wàá tún kó ni?"

"Iṣẹ́ nìkan ló ń kó lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò kó mọ́."

Ọkọ̀ á wá di mẹ́ta nìyẹn, ní àlọ àti ní àbọ̀.